Odò Wa Ṣì Ń Ṣàn Nínú Máàpù

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìṣáà

Àwọn tó wá ya máàpù ibi tí ọ̀dá ti le jù pín wa sọ́tọ̀, ọkùnrin níhìn-ín, obìnrin lọ́hùn-ún. Àwa obìnrin ní odò ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n kó wa pọ̀ padà, ọkọ mi ní odò tí baba òun mu kì í gbẹ.

Mo ní, "Bàbá Sàlíù, ìgbà wo lẹ pọnmi kẹ́yìn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àtàwọn àlejò. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ. Ibi tódò ti gbẹ nìkan ni wọ́n máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni mo rà lọ́wọ́ ọlọ́mi Ìpàpó. Ọkọ mi wẹ̀ tán, ó ní, "Ìyá Sàlíù, omi yìí mà kéré."

Èyí tó kù kò lè tó àlùwàlá ènìyàn méjì ní àsùbáà. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jí.