Ẹ̀gbọ́n Rámónì Ò Gbọ́ Ohùn Ara Wọn

Sátidé, lẹ́yìn eré Ìsọlọ̀

Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn fún ẹgbẹ́ olórin wa.

Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di gbọ̀ngàn la ti ṣeré, páànù lókè, ògiri lásán yíká. Gbogbo ohùn ló ń kọ lu ògiri tó sì ń padà bọ̀. Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ máa le. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Rámónì, olórin wa, ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ń nawọ́ sí sípíkà iwájú ẹsẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara wọn.

"Ṣadé, gbé e sókè! Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

Mo gbé e sókè títí ó fi han gooro. Àwọn èèyàn fọwọ́ dití. Ẹ̀gbọ́n sì bú mi lórí máìkì.

Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ dúró síbi tí wọ́n ti kọrin, mo fi orin sí sípíkà yẹn. Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí mi ya! Mo pe Ẹ̀gbọ́n láti ẹ̀gbẹ́ òsì wọn. Wọn ò yíjú, àfìgbà tí mo fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti pẹ́ tí etí yẹn ti ń yọ yín lẹ́nu?"

Wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀yìn. "Má sọ fún àwọn yòókù. Orin nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Mi ò ní gbé e sókè mọ́. Ariwo yẹn ló ń ba ìgbọ́ràn tó kù fún yín jẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Wọ́n ń wò mí lẹ́nu.

"Ìwọ lo máa bá mi lọ. Mi ò ní gbọ́ ohun tó bá sọ tán."

Mo gbà. Èmi ni n ó wá tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ sí wọn létí, ohunkóhun tó bá jẹ́.