Òkété Ni Wọ́n Ń Bú, Èmi Ni Mo Gé Wáyà Iná Náà

Èmi ni mo gé wáyà náà. Mi ò kábàámọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kẹ́ ẹ má baà rò pé ẹkún ni mo wá sun lójú ìwé yìí. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, mi ò sì lè wá a ní Fìdítì níbí, torí ẹni tí mo bá sọ fún láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kí n tó délé.

Ọmọ Ìlọrà ni mí, Fìdítì ni mo lọ́kọ sí, tíṣà sì ni ọkọ mi. Mo ní fíríìjì kan tí mo fi èésú rà, òun ni mo fi ń ta omi tútù àti yìnyín fún àwọn awakọ̀ àtàwọn tó ń wá kó ọsàn. Ọjà náà ń lọ dáadáa... àfi bí bíìlì iná ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ńlá ni wá. Ọkọ mi á kà á sókè, á mí kanlẹ̀, á wá máa wò mí. Ó ní áyọ́ọ̀nù mi ni. Mo padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Bíìlì tún lé sí i. Ó ní gílóòbù ti pọ̀ jù, ó yọ wọ́n ku ẹyọ kan ní pálọ̀, fìtílà làwọn ọmọ mi fi ń kàwé nínú ilé tí wọ́n fa iná sí. Bíìlì ò wálẹ̀. Ó wá ní fíríìjì ni, pé ó ń mu iná bí ọ̀mùtí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó kọ̀. Bá a ṣe tà á nìyẹn fún obìnrin kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì káńsù. Ṣé bíìlì wá wálẹ̀? Kò wálẹ̀ o!

Ibẹ̀ lara ti fu mí. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi àtàwọn ọmọ wà nílé ìwé, mo pa gbogbo nǹkan, mo tiẹ̀ fa súwíìṣì ńlá ara ògiri wálẹ̀, mo wá lọ dúró síwájú mítà. Àwo kékeré inú rẹ̀ tó ní àmì pupa lára ń yí... ó ń yí, kò tiẹ̀ rọra yí. Kò sí iná kan tó ń tàn nínú ilé mi, ta ló wá ń lò ó? Mo tọ gbogbo wáyà tó jáde lára mítà. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ògiri wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, mo fi ọkọ́ wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé mi dé ilé àtijọ́ bàbá ọkọ mi tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tá à ń pè ní Àǹtí, ti ń sin òròmọdìẹ. Ẹ sì gbọ́ o, Àǹtí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Wọ́n ní àìsàn lè bá ẹsẹ̀ èèyàn wọlé, àpò ni wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn sí mi pé kẹrosíìnì táwọn fi ń mú ara òròmọdìẹ gbóná ti wọ́n jù, èmi á sì máa bá wọn kẹ́dùn! Mo ká àpò, mo yọjú. Gílóòbù ńláńlá so rọ̀, wọ́n ń tàn lọ́sàn-án gangan, ooru kọ lù mí lójú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ mi ò mọ̀. Ẹ wo òmùgọ̀! Àfi ìgbà tí mo rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ yẹn nígbà họlidé, ó ní ojú omi balùwẹ̀ lòun ń ṣe, èmi ni mo tún gbé gààrí tútù lọ fún un níbẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń yọ gílóòbù. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé fíríìjì mi sínú mọ́tò, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Mo mọ̀ pé Àǹtí ta aṣọ wọn kí ọkọ mi tó lè kàwé di tíṣà, wọn ò jẹ́ ká gbàgbé rí. Ká ní wọ́n wí fún mi ni, ṣé màá kọ̀? Ọkọ ni Àǹtí náà jẹ́ sí èmi ìyàwó ilé, mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀. Kí ló dé tí wọn ò wí?

Mo dúró dìgbà tí àwọn oníná mú iná lọ, mo wọ sálúbàtà onírọ́bà, mo mú àdá, mo gé e níbi tó ti wọlẹ̀, mo sì kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àǹtí ti lọ sí Ìwàrè lọ́jọ́ náà. Òjò ńlá rọ̀, òtútù mú, kí wọ́n tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òròmọdìẹ ti kú jọ sí igun kan. Mi ò rò pé wọ́n á kú. Mo káàánú àwọn òròmọdìẹ, wọn ò ṣẹ̀ mí. Àǹtí ni mi ò káàánú.

Láti fèrèsé kíṣìnì ni mo ti ń wo ọkọ mi nígbà tó hú wáyà náà. Ó gbé ẹnu wáyà náà sókè, ibi tó gé mọ́ tónítóní. Ó wò ó títí, ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òkété ni. Òkété! Ṣé òkété ń mú àdá ni? Mo ní nínú ara mi pé, báyìí ni ìwà rẹ, òkété. Kí ló tún fẹ́ sọ? Bó bá ní èmi ni, á kọ́kọ́ sọ bí wáyà ṣe dé abẹ́ ilẹ̀. Látìgbà náà ni Àǹtí ti ń dẹ tàkúté kiri àgbàlá, wọ́n tiẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì bá àwọn gbàdúrà lórí ọ̀tá tó rán òkété sí ohun ọ̀sìn àwọn. Àmín tèmi ló ròkè jù. Bíìlì tó dé lẹ́yìn náà wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọkọ mi ò kà á sókè, ó ká a sápò.

Ohun tó wá mú mi kọ̀wé rèé. Àǹtí ti fẹ́ kó òròmọdìẹ tuntun wá. Lánàá ni ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní wáyà ilé wa ti gbó, kí n gba èésú mi ká fi ra tuntun. Èésú mi! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n dìde nípàdé ẹbí kí n sọ pé èmi gan-an ni òkété yẹn? Wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí, mi ò sì ní kúnlẹ̀. Bó bá tún ri wáyà mọ́lẹ̀, mo tún máa gé e. Ẹ má kọ̀wé sí mi pé obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá mi á ti sọ ìyẹn fún mi kí ìwé yín tó dé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, ó mọ̀ pé èmi ni mo gé e, mo mọ̀ pé òun ló ri ín, à ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Bí ọkọ mi bá sọ fún mi lónìí pé ilẹ̀ ti mọ́, màá kọ́kọ́ ṣí fèrèsé wò. Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì ṣe é gbé?