Òjé Tí Mo Fi Sábẹ́ Ẹsẹ̀ Àtẹ́mísì

Èmi, Fanodíkò ọmọ Teleníkò, agbẹ́kùúta ní erékùṣù Párò, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò yá, ṣùgbọ́n orí mi kò dàrú. Mo mọ ohun tí mo ní, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Ó wù mí kí ara mi le sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, báyìí ni kí ẹ ṣe ohun ìní mi. Akẹ́sítọ̀ ọmọ mi àti Lámpónì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo fi ṣe alámòójútó ogún. Ẹ ka ìwé yìí sókè níwájú ìpàdé ìlú kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Èkíní. Ilé mi tó wà lójú ọ̀nà èbúté, àti àgbàlá tí a ti ń gbẹ́ òkúta, mo há wọn fún Akẹ́sítọ̀. Òrùlé apá àríwá ń jò. Títí Timarétà ìyá rẹ fi kú ló ń rán mi létí, títí ó fi kú ni mo sì ń dá a lóhùn pé ó dọ̀la. Tún un ṣe, ọmọ mi.

Èkejì. Ìbaaka méjèèjì àti ewúrẹ́ mẹ́sàn-án, fún Lámpónì. Ìbaaka dúdú a máa bu ènìyàn jẹ. Má nà án; èmi ni mo di òkúta rù ú ju agbára rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní kékeré.

Ẹ̀kẹta. Mánè, ẹrú mi, di ẹni òmìnira lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró. Gbogbo irin ìgbẹ́kùúta mi, òòlù mi àti ìkòkò tí a fi ń yọ́ òjé, tirẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń dán òkúta, tí àwọn ènìyàn sì ń yìn mí pé ère mi ń dán bí omi.

Ẹ̀kẹrin. Kí n tó pín ìyókù, ó yẹ kí n jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà rántí ère Àtẹ́mísì, òrìṣà obìnrin wa, tó wà tẹ́lẹ̀ níwájú ilé òrìṣà rẹ̀ lórí òkè. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Míkónì ọmọ Sosíà ló kùn ún: ó fi ìda yíyọ́ pa á lára, ó fi pupa sí ètè rẹ̀, ó sì fi dúdú la ojú rẹ̀. Mo lo ọdún méjì, ó lo ogún ọjọ́. Nígbà tí àwọn ará ìlú wá wò ó ní àgbàlá mi, ojú yẹn nìkan ni wọ́n rí. Obìnrin kan kígbe pé, “Yéè! Ó ń wò mí! Míkónì, ọwọ́ ẹ ò ní rọ o!” Kò sí ẹni tó yíjú sí mi. Míkónì fúnra rẹ̀ gbá mi léjìká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fajú ro. Tí ẹ ò bá gbẹ́ imú sí i, ibo ni mi ò bá la ojú sí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, Timarétà ní, “Ẹni tó wẹ ọmọ kọ́ ló bí i. Kí lẹ wá ń bínú sí?” Mo padà sí àgbàlá.

Mo mú òjé pélébé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, mo fi ìṣó kọ ọ́ sí i lára pé: Àtẹ́mísì, di ọwọ́ Míkónì, di ọ̀tún, di òsì, kí ó má lè kun ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ká a, mo sì fi ìṣó gún un ní àgúnyọ, bí a ti ń ṣe òjé èpè. Àwọn ẹlòmíràn a máa sọ irú rẹ̀ sínú kànga tàbí sínú ibojì. Èmi rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. Mo fi amọ̀ bò ó kí iná má baà yọ́ ọ, mo sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ihò inú òkúta ìpìlẹ̀ tí ẹsẹ̀ òrìṣà náà yóò wọ̀, kí ẹ̀bẹ̀ mi lè wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni a gbé ère náà nàró, tí a sì da òjé gbígbóná sí ihò náà láti dì í mú. Òjé náà kan amọ̀, ó sì dì kí ó tó ṣàn yí ẹsẹ̀ náà ká, ìsàlẹ̀ ṣófo. Mánè fi òòlù kan ẹnu ihò náà, ó ní, “Ọ̀gá, òjé yìí ò dé ìsàlẹ̀ o. Ìró ẹ̀ ò kún.” Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún kejì, nígbà tí ọdún òrìṣà ku ọ̀la, Míkónì gun àkàsọ̀ láti fi ìda tuntun pa ojú ère náà. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, ère náà sì wó lé e. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé òkú, èmi ń na ọwọ́ sínú ihò láti yọ òjé mi.

Ẹ mọ òfin wa: ohunkóhun tó bá pa ènìyàn, ìbáà ṣe igi tàbí òkúta, yóò jẹ́jọ́. Wọ́n bi mí bóyá òjé kún ihò. Mo dúró lórí ẹran ìrúbọ, mo búra pé ó kún dẹ́nu. Nítorí náà wọ́n dá òrìṣà lẹ́bi ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ gbé ère náà kọjá ẹnu èbúté, wọ́n sì jù ú sínú òkun. Àwọn obìnrin tí a yàn láti máa wẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún sunkún títí dé etí omi. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Òrìṣà kì í dédé pa ènìyàn. Kí ni Míkónì fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe lórí àkàsọ̀ yẹn? Òun ló jẹ́ ká pàdánù ẹ̀.” Wọn kò jẹ́ kí àwọn ẹbí Míkónì sin ín sí ẹnubodè pẹ̀lú àwọn baba rẹ̀, ẹ̀yìn ibi ìwakùúta, láàrin àwọn àjèjì, ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tí Mélítà ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ẹni tí í jó fún òrìṣà, wọ́n lé e kúrò lójú agbo. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí, kò sí ẹni tó wá tọrọ rẹ̀.

Sílánò, àbúrò Míkónì, pàdé mi lọ́jà lọ́dún náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, òrìṣà ò sì wí nǹkan kan. Ìwọ nìkan lo lẹ́nu níbẹ̀.” Mo ra ẹja mi, mo bá tèmi lọ.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń bi ara mi léèrè: ṣé òrìṣà gbọ́ mi ni, àbí òjé ni kò wọlẹ̀? Bí ó bá gbọ́ mi, èmi ni mo rán an níṣẹ́. Bí kò bá gbọ́ mi, èmi ni mo ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà méjèèjì, ilé mi ni wọ́n já sí. Míkónì kò ṣẹ Àtẹ́mísì. Àtẹ́mísì kò jẹ̀bi ikú Míkónì. Mo búra èké.

Ẹ̀karùn-ún. Òjé náà wà nínú àpótí mi, a fi awọ dì í. Ẹ fi han ìpàdé ìlú kí wọ́n lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Lẹ́yìn náà, ti Mélítà ni. Ohun tó bá wù ú ni kó fi ṣe.

Ẹ̀kẹfà. Àyè ibojì mi ní ẹnubodè, pẹ̀lú òkúta tí mo gbẹ́ sí i, mo fi fún Míkónì. Mo ti ha orúkọ mi kúrò lára rẹ̀; ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ sí i. Ẹ wá ẹni tó mọ ọ̀dà lò kí ó kun àwọn lẹ́tà náà ní pupa, nítorí èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni mo pa. Ẹ̀yìn ibi ìwakùúta, níbi tí ẹ bá ti hú egungun rẹ̀, ni kí ẹ sin mí sí.

Èkeje. Ọgbà àjàrà mi lórí òkè, fún Mélítà. Kì í ṣe owó ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀. Bí kò bá gbà á, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì bínú sí i. Mo bẹ àwọn obìnrin ilé òrìṣà pé kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú agbo lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹjọ. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń já kànrìnkàn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun sọ fún mi pé Àtẹ́mísì wà níbẹ̀, ó dojú sókè, ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú rẹ̀. Bí ìlú bá dá a láre, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún gbé e nàró. Kí Mánè da òjé rẹ̀, bó bá fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ní kó dákẹ́.

Mo tẹ òǹtẹ̀ mi sí i, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Àtẹ́mísì, ní ọdún tí Eufílétò jẹ́ olórí ìlú. Kì í ṣe àṣà wa kí ẹlẹ́rìí gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n kà á fún wọn.

Fanodíkò ọmọ Teleníkò.

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Timésíà ọmọ Hérónì, oníṣègùn. Mo jẹ́rìí pé orí rẹ̀ pé.

Kalínò ọmọ Aristándà, àwòrò Àtẹ́mísì. Mo gbọ́ ọ.

Sílánò ọmọ Sosíà, apẹja. N kò mọ̀wé. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ èyí sí i. N kò tí ì dárí jì í. Nígbà tó bá kú, èmi ni n ó gbẹ́ ilẹ̀ náà, nítorí koríko ti bo ibẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà.