Káàdì Obìnrin Bẹ́ẹ̀dì Keje

Ọjọ́ Ajé, 1 Júláì 1985

Iṣẹ́ àárọ̀. Ibọ̀wọ́ ku mẹ́rin ní wọ́ọ̀dù. A fọ̀ wọ́n, a sá wọn sórí okùn, ọ̀kan ti ya ní àtàǹpàkò. Ìsáàlì tí a fi ń pa kòkòrò nílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òórùn lásán ló kù.

Wọ́n tún ń sọ ọ́ pé ìjọba fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, pé àwa tí a kò kà kọjá ìwé mẹ́fà ni wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Ọdún kejìdínlógún mi rèé nínú iṣẹ́ yìí. Mo gbọ́, mi ò dá sí i.

Wọ́n gba obìnrin kan sí bẹ́ẹ̀dì keje. Oyún oṣù mẹ́ta ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Sístà Magdalene, ọ̀gá wa — Rúlà ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí rúlà tó fi ń wọn etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì — Rúlà gba káàdì, ó kà á, ó ní ìyàwó akọ̀wé káńsù ni, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ó parí ní tirẹ̀. Kò wo ojú obìnrin náà.

Èmi wẹ̀ ẹ́. Bí mátíróònù àtijọ́ ṣe kọ́ mi ní Òkìtìpupa nìyẹn: wẹ̀ ẹ́ kí o tó bi í. Ẹnu aláìsàn lè parọ́ nítorí ìtìjú, nítorí owó, nítorí ọkọ. Ara ò mọ irọ́ í pa. Èmi kì í gba aláìsàn gbọ́. Mo ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Káàdì ní wọ́n là á níkùn bímọ ní 1979. Mo fi tówẹ̀ẹ̀lì nu ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ikùn náà ń dán bíi ti omidan. Kò sí àpá kankan níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 2 Júláì

Làálì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, làálì ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Káàdì ní ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ọmọ bíbí Odigbo. Mo fi Ìkálẹ̀ kí i. Ó ń wò mí bí ẹni tí sójà ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó máa fi dáhùn, Ìlọrin ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó lè gbé káàdì ẹlòmíràn wá lè yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Mo ṣe àdàkọ rẹ̀ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi bíró rẹ́ mi jẹ:

*Olúfúnṣọ́ Akínfọlárìn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ abẹ ìbímọ, Òkìtìpupa, Máàṣì 1979. Ẹ̀jẹ̀: B. Wọ́n fa ìgò méjì sí i, ara rẹ̀ gbà á.*

Ọjọ́rú, 3 Júláì

Àlejò wá fún bẹ́ẹ̀dì keje. Obìnrin olóyún, á tó oṣù mẹ́fà, ó gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín dání. Aláìsàn ń pè é ní àbúrò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páànù lọ́wọ́, mo pe, "Olúfúnṣọ́!" bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé nǹkan.

Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń mu ògì rẹ̀ lọ. Àlejò ló yíjú. "Ẹ̀n, mà?"

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ omi gbígbóná. Wọ́n ní rárá, mà, ẹ ṣeun, mà. Àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 4 Júláì

Mo bi í nípa àpá, nígbà tí mò ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, òrí ni mo fi pa á. Ó ti parẹ́." Òrí tó ń pa àpá ọ̀bẹ dókítà rẹ́! Tèmi wà níkùn láti ọdún mẹ́rìnlá. Mo ní kó júwe ẹni tó ń tà á, màá ra garawa kan. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé irọ́ lòun ń pa, ó gbé e mì.

Mo ro ó dáadáa. Rúlà ti sọ ní ìpàdé pé ẹni tó bá tú àṣírí ìwà àìtọ́ kan nínú ọsibítù, orúkọ rẹ̀ ò ní sí nínú ìwé ìdádúró. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi, iṣẹ́ mi dúró. Ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n á ti obìnrin yìí síta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, ọkọ ẹni tó ni káàdì á sì kúrò ní káńsù. Ilé méjì fún ìjókòó ẹnì kan. Ọjà yẹn wọ́n. Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó ń purọ́ fún mi lójú kòrókòró.

Nǹkan mìíràn. Rúlà gbé báàgì lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, báàgì náà wúwo. Agolo mílíìkì tí wọ́n kó wá fún àwọn ọmọ tó rù: mẹ́sàn-án lánàá, méje lónìí. Kò sí ọmọ kankan tó mu agolo méjì lónìí. Mo kàn ń sọ.

Ẹtì, 5 Júláì



Láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ya lára bẹ́ẹ̀dì keje bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Dókítà — ọmọ àgùnbánirọ̀ yẹn, òun nìkan ló kù fún wa látìgbà tí àwọn àgbà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan — Dókítà ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i kíákíá. Rúlà ṣí káàdì. "B ni." Gabriel, ọmọ yàrá àyẹ̀wò, ní B kan wà nínú firíìjì, òun ń lọ gbé e.

Mo ní ṣé kò ní kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni. Ó ní, "Màmá Ṣíjí, oògùn àyẹ̀wò ku ẹ̀kán díẹ̀. Ẹni tí kò ní káàdì ni mo tọ́jú rẹ̀ dè. Eléyìí ní káàdì." Bí wọ́n ti ń ṣe é láti Máàṣì nìyẹn, nítorí wọn ò fi oògùn ránṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí kò ní káàdì.

Káàdì wà lórí tábìlì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi ń rẹ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo na ọwọ́ sí tówẹ̀ẹ̀lì, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá káàdì — rárá, mi ò ní purọ́ fún ìwé tèmi. Ọwọ́ ni mo fi mú un. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ omi, mo sì fi ìka fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ibọ̀sẹ̀. Ínkì jáde bí aró. Ìgbà tí mo fi pariwo, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà níbẹ̀ mọ́.

Rúlà pè mí ní orúkọ tí mi ò ní kọ. Mo ní ẹ má bínú, Sístà, ọjọ́ orí ni. Gabriel lo ẹ̀kán tó kù.

Ẹ̀jẹ̀ O ló jáde. Kì í ṣe B. Gabriel wo gíláàsì náà, ó wò mí. Ó dá ìgò B padà sínú firíìjì bí ẹni ń gbé ejò padà sínú igbá. Ó sáré lọ sí páàkì lọ pe Hàbíb, awakọ̀ kan tó ti fún wa ní ẹ̀jẹ̀ rí, tí a mọ̀ pé O ni. Hàbíb wá. Ó ní kí n fún òun ní mílíìkì méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún un. Méje di márùn-ún, ìyẹn ní ojú gbogbo ayé.

Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Bẹ́ẹ̀dì keje là á já. Ó béèrè ògì.

Rúlà fún mi ní kúẹ̀rì: kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ba ìwé ìjọba jẹ́.

Àìkú, 7 Júláì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fọ aṣọ iṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 9 Júláì

Rúlà gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Akọ̀wé tó ń kọ káàdì wá síbi bẹ́ẹ̀dì keje láti ṣe tuntun, ó bi í lórúkọ. Mò ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti múra sílẹ̀ fún irọ́ mìíràn.

Ojú mi ló ń wò, kì í ṣe ti akọ̀wé. "Jàmíátù. Ìyàwó Kàsímù, onímọ́tò Ore sí Araromi-Obu."

Akọ̀wé ní kì í ṣe ọ̀fẹ́ nìyẹn o. Ó ní òun mọ̀. Dókítà wo káàdì tuntun, ó wo ìwé ìgbaniwọlé tó ní orúkọ mìíràn, ó wò mí. Ó fọwọ́ sí i. Ọmọ náà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku àwa méjì, Jàmíátù ní, "Màmá, ẹ ti mọ̀ tipẹ́." Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ wẹ̀ mí ni. Ta ló ń wẹni tí kì í mọni?" Ilé kan náà lòun àti Olúfúnṣọ́ ń gbé. Olúfúnṣọ́ fúnra rẹ̀ ló yọ káàdì náà lábẹ́ ìrọ̀rí, tó fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n bá òun wá káàdì náà, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo ní ó ti lọ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mi ò bi í pé kí ló dé. Ó yẹ kí n bi í.

Ọjọ́bọ̀, 11 Júláì

Ó lọ sílé. Kàsímù kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo yẹ tèmi wò lábẹ́ bóyá owó wà níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni.

Mo dáhùn kúẹ̀rì: "Ọwọ́ mi tutù, ó yọ̀." Ìlà kan.

Ẹtì, 26 Júláì

Ìwé ìdádúró jáde. Ẹni mẹ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi ìka tẹ̀ lé e. Kò sí tèmi. Rúlà pè mí sí kọ̀rọ̀: òun ló ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan sí i, ẹyọ kan péré, mo ti lọ nìyẹn, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Mo dúpẹ́. Kí ló ń dáàbò bò mí fún? Mi ò rí ìdí rẹ̀. Agolo mílíìkì tún dín.

Ọjọ́rú, 14 Ògọ́ọ̀sì

Mo ní láti kọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe tẹ̀ léra.

Ní bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò Kàsímù já wọ ọgbà. Jàmíátù ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúfúnṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, oyún ò tíì pé. Mo ṣí aṣọ rẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀, gbọọrọ, bí káàdì ti wí.

Kò tí ì wá fún ìtọ́jú aboyún láti Júláì. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi í ibi tí káàdì rẹ̀ wà. Jàmíátù ló sọ ọ́ fún mi, ó ń wo ilẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ ti dá ní ọjọ́sí nìyẹn.

Èmi ni mo fọ káàdì náà. Mo rò pé irọ́ Jàmíátù nìkan ni mò ń fọ̀. Ara obìnrin mìíràn ló wà nínú omi yẹn.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá, àti ẹ̀jẹ̀. Irú wo? Gabriel la ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀kán tó kù la lò fún Jàmíátù, wọn ò sì fi òmíràn ránṣẹ́. Ìgò méjì ló wà nínú firíìjì, A kan, B kan. Hàbíb ti kó èrò lọ sí Benin, ẹ̀jẹ̀ Jàmíátù fúnra rẹ̀ ò sì tíì tó láti fúnni. Olúfúnṣọ́ ò mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ta ló mọ tirẹ̀?

Mo ní B ni. Rúlà ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Mo sáré wálé, ẹ̀yìn ọsibítù ni. Mo gbé ìwé yìí dé, mo ṣí ojú ewé 2 Júláì, mo di ewé náà mú ṣinṣin kó má ṣí sí ẹ̀yìn.

Dókítà kà á. "Ta ló kọ ọ́?" Èmi. "Nígbà wo?" Mo fi ìka sí ọjọ́. "Kí nìdí tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?"

"Mo fura ni, Dókítà."

Ó wo ojú mi pẹ́. Èmi tí kì í gba aláìsàn gbọ́, mo dúró níwájú ọmọ tí mo lè bí, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó gbà mí gbọ́. Ó ní kí Gabriel gbé B wá.

Mo dúró ti Olúfúnṣọ́ láti ẹ̀kán kìíní. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń retí ìgbọ̀nrìrì. Kò gbọ̀n. Ara rẹ̀ gbà á. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, ó kéré bí ọmọ ológbò, ó ń ké.

Ìgbà náà ni Rúlà wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Dókítà ti fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn láìní káàdì, láìní àyẹ̀wò. Bí àwọn ọ̀gá bá dé láti Àkúrẹ́, kí ni òun máa fi hàn wọ́n? Kí n mú ìwé náà wá lágogo mẹ́jọ ọ̀la, òun máa kà á, òun máa lu òǹtẹ̀, ó máa wọ fáìlì Olúfúnṣọ́. Mo ní kí n ṣe àdàkọ. Ó ní ínkì tuntun kì í jẹ́rìí ọ̀rọ̀ àtijọ́. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ewé yẹn gan-an ni agolo mílíìkì wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì wà, àti ọwọ́ tí kò yọ̀.

Jàmíátù tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ẹ fi dáná. Ẹ ní eku jẹ ẹ́." Mo ní eku tó ń jẹ ìwé, ṣé òrí tó ń pa àpá rẹ́ ló fi ń tọ́ ọ wò? Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń sunkún.

Mo ti ṣírò rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí mo bá jó o, iṣẹ́ mi dúró, ọmọ àgùnbánirọ̀ á dá jẹ́jọ́. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ bá tún ya lára Olúfúnṣọ́, ẹlòmíràn á dúró síwájú ìgò méjì, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ fún un.

Ìwé yìí ni káàdì rẹ̀ báyìí. Mo ti fi sínú báàgì iṣẹ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti ibọ̀wọ́. Mi ò lè fọ káàdì kan náà lẹ́ẹ̀mejì.