Dá Igbá Padà, Àwọn Èèyàn Ń Dúró

                                        Òpópónà Montecaseros,
                                        Paysandú,
                                        Uruguay.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, 2017.

Zulma, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù yìí o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Rivera? Ọkọ rẹ ńkọ́? Leandro ọmọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Èmi náà wà, mo ṣì ń jẹun ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àyà rẹ já. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mi, ìwọ tí o máa ń sọ pé mò ń gba owó oṣù torí pé mò ń wo gíláàsì kọ̀ǹpútà.

O mọ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà tí èmi àti Elbio fi èdè Java kọ ni àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa fi ń wá ẹ̀jẹ̀ tó bá aláìsàn mu. Ètò náà kò lè dá nǹkan kan mọ̀. Inú àká dátà ni àkọsílẹ̀ gbogbo àpò ẹ̀jẹ̀ wà. Irinṣẹ́ kékeré kan tí à ń pè ní dẹ́rẹ́bà ló ń bá ètò gbé ìbéèrè lọ sí àká, tó sì ń gbé èsì bọ̀. Okùn tó ń gbà lọ kò pọ̀. Bí ètò bá yá okùn kan lò, ó gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Lóṣù tó kọjá, a gba dẹ́rẹ́bà tuntun. Láti ìgbà náà, tó bá ti di ọ̀sán, ètò á kàn dákẹ́ bí ọmọ tó ń bínú. Elbio dá dẹ́rẹ́bà lẹ́bi. Ó fi ẹ̀dà tuntun mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, ó pa gbogbo ètò, ó tún un tàn, iṣẹ́ á sì máa lọ geere. A ó bá ara wa yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dákẹ́. Ìwọ náà mọ àwa oníkọ̀ǹpútà: ohun tí a bá pa, tí a tún tàn, tó sì jí, a ti wò ó sàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyá rẹ wá gba ẹ̀jẹ̀, ètò sì dákẹ́ mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, pípa àti títàn kò ràn án. Irú ẹ̀jẹ̀ tiwọn ṣọ̀wọ́n, o mọ̀. Ó wà nínú fìríìjì ilé ìwòsàn kan lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ta ló mọ èwo? Nọ́ọ̀sì ń fóònù kiri. Ètè ìyá rẹ ti funfun. Ẹ̀rù bà mí, Zulma, ojú sì tì mí.

Mo lọ jókòó tì wọ́n láti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sórí ewé inú igbá máte kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń mu yí ká, wọ́n gbé e fún mi. Mo gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ dẹ́rẹ́bà sùn. Mo rojọ́ títí, igbá wà lọ́wọ́ mi, màmá àgbàlagbà kan tí ó kàn láti mu ń wò mí lójú.

"Nibia, máìkì kọ́ nìyẹn," ni ìyá rẹ wí. "Mu ún, kí o dá igbá padà. Àwọn èèyàn ń dúró."

Mo mu ún, mo dá igbá padà, mo sì sáré lọ bá Elbio. Apá kan wà nínú ètò náà tí èmi fọwọ́ ara mi kọ, tó máa ń wò bóyá ẹ̀jẹ̀ kan ti fẹ́ bàjẹ́. Tí kò bá rí ìkankan, ṣe ló ń jáde láìdá okùn padà. Dẹ́rẹ́bà àtijọ́ máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á ṣa okùn náà jọ. Tuntun yìí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣa nǹkan.

"O di gbogbo okùn mú," ni Elbio wí, "èmi wá ń na dẹ́rẹ́bà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

A ní kí àká já gbogbo okùn tó há, a sì tún ibi tó bàjẹ́ kọ. Kíá ni nọ́ọ̀sì rí ẹ̀jẹ̀ náà ní ilé ìwòsàn Fray Bentos, wọ́n sì gbé e wá. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ara ìyá rẹ ti yá, wọ́n ti ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n.

Zulma, ó ku ohun kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, mo sì ṣèlérí fún wọn. Láti oṣù Kẹrin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe tèmi, tìrẹ ni, mo sì ti dá a padà fún ọ báyìí. Má dúró de ìsinmi oṣù Keje. Máa bọ̀ nílé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko Leandro lẹ́nu. Elbio ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, tó ti gbé omi kaná dè ọ́,
Nibia.