Òpó Tó Gùn Tó Ìyàwó Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ayùn o. Ara mi le. Èdè wa ni mo fi kọ lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀. Níbi tó bá ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Mo ń kọ́ ibòji onígi mọ́ ẹ̀yìn ilé, èyí tí ìyàwó mi ti ń sọ láti ọdún méjì, tí mo ń ní ó dọ̀la. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí nǹkan kan o. Ilé dákẹ́, iṣẹ́ sì ń yá.

Mo kan pákó gbọọrọ mọ́ ògiri, mo ri òpó méjì mọ́lẹ̀, mo to igi lé e. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù yín pé ẹni tó ga jù nínú ilé la fi ń wọn òpó. Mo bá nawọ́ sókè, mo wọn ara mi. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo rántí pé ìyàwó mi fi orí kan ga jù mí lọ. Ṣebí ẹ fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Yóò máa forí gbá igi ni. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo ra òpó tó gùn sí i.

Aládùúgbò mi yọjú lórí ọgbà: "Ṣé àgùnfọn lo fẹ́ sìn ni?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ló máa jókòó síbẹ̀."

Kò ṣàwàdà mọ́. Ó wọlé wá bá mi di òpó mú.

Mo fi fọ́tò ibòji náà ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láàárọ̀ yìí.

Ẹ bá mi kí Màámi. Tí wọ́n bá bèèrè ìyàwó mi, ẹ ní ó ń kí wọn.

Èmi ọmọ yín.