Ẹni Tó Wà Níwájú Lọ́nà Odígbó

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, 1978

Kùrukùru bo ilé-ìwé láàárọ̀ yìí débi pé mi ò rí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa. Ọ̀gá Máàpù kàn yọ látinú rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyèga ni, tíṣà jọ́gíráfì wa tí wọ́n gbé wá láti Ìwó. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí máàpù kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Kò kọ́ wa ní jọ́gíráfì rárá. Ó ní látìgbà tí owó epo ti dé, àwọn bàbá wa ló ń ra alùpùpù, àwa ọmọ la ń gùn ún. Nígbà ọlidé tó kọjá, ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta ló ṣubú lágbègbè yìí nìkan. Ó fẹ́ ká dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bá àwọn ọmọ bíi tiwa sọ̀rọ̀ — ọmọ sí ọmọ. Ẹgbẹ́ Ẹ Rọra. Ó bèèrè ẹni tó mọ ìwé kọ, tó sì lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Títílọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi, nawọ́ sí mi. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Èmi. Nínú gbogbo ọmọ tó wà ní Ore.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo máa kọ ọ́ síbí, kó lè wà níbì kan yàtọ̀ sí inú mi.

Oṣù keje ni, ọ̀sẹ̀ tí a máa gba ọlidé. Rufus, tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kíláàsì, yá alùpùpù pupa àbúrò bàbá rẹ̀. Arẹwà ni mo ń pe alùpùpù náà. Rufus ti ń kọ́ mi láti bí oṣù kan, lọ́nà Odígbó, níbi tí àwọn igi kòkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lókè orí èèyàn. Lọ́jọ́ náà èmi ni mo wà níwájú, òun wà lẹ́yìn. Mo sáré. Mi ò lè parọ́ fún ìwé yìí: ó dùn mọ́ mi. Oòrùn ń já bọ́ láàárín ewé, ó ń bọ́ sí mi lápá, ó ń bọ́ sí mi lójú, ó sì dà bíi pé ilẹ̀ ti jọ̀wọ́ mi lọ. Ní kọ́nà, ọmọbìnrin kan ń sọdá pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gẹ́ lórí.

Magdalene lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Odígbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Rufus ní, "Bùsọ́lá, gba inú oko lọ sílé. Èmi ni mo gùn ún." Mo lọ. Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá nìyẹn, ohun tó sọ fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé nìyẹn. Wọ́n lé e. Ó wà ní Ajue báyìí, lóko bàbá bàbá rẹ̀. Èmi wà ní kíláàsì kẹrin, àga rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo lálàá pé ọ̀nà Odígbó ti di odò. Arẹwà ń léfòó lọ lójú omi, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá Máàpù kó wa lọ sí oríta ní aago méje àárọ̀. Iṣẹ́ wa ni ká ka gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó bá gun alùpùpù kọjá. Títílọpẹ́ ń kà, èmi ń kọ. Àwọn ọkọ̀ gẹdú ń yọ látinú kùrukùru lọ́kọ̀ọ̀kan — lákọ̀ọ́kọ́ iná méjì, lẹ́yìn náà ariwo, lẹ́yìn náà àwọn igi ńláńlá tí wọ́n dì sẹ́yìn, tí omi ìrì ṣì ń kán lára wọn. Wọ́n ń lọ sí Èkó. Mo ń bá wọn lọ lọ́kàn mi. Títílọpẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láàárín wákàtí méjì. Méjì péré ló dé akoto. Ọ̀kan gbé àwọn àbúrò rẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tó kéré jù ń juwọ́ sí wa.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

A kun pátákó mẹ́fà. Èmi ni mo ronú ohun tí a kọ sára wọn: RỌRA GÙN. WỌ́N Ń RETÍ RẸ NÍLÉ. Ọ̀gá Máàpù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mirí pé ó dára.

A gbé ọ̀kan lọ sí kọ́nà yẹn. Koríko ti hù bo ibẹ̀, labalábá funfun ń fò kiri. Kò sóhun tó fi hàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Mo di òpó mú, Títílọpẹ́ ń kan ìṣó. Ó bi mí ìdí tí omi fi wà lójú mi. Mo ní òórùn ọ̀dà ni.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àbámẹ́ta ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n la máa sọ̀rọ̀ ní gáréèjì Ore. Ọ̀gá Máàpù fẹ́ kí Magdalene wá jókòó níwájú kí àwọn ọmọ lè rí i. Ta ló máa lọ bẹ ìyá rẹ̀? Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, ìyẹn èmi.

Ẹtì, ogúnjọ́

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Odígbó lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìyá Magdalene ń fún epo lẹ́yìn ilé, apá rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dá mi lóhùn ní èdè Ìkálẹ̀, ó rí i pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ó bá yí ohùn padà fún mi. Ó ní nílé àdúrà àwọn, wọ́n kọ́ àwọn pé kí àwọn má ṣépè, torí náà òun kò ṣépè fún Rufus. Òun kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí ojú òun má rí i mọ́. Mo ń wo ilẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá fẹ́ wá sí gáréèjì, kó wá. Ó lọ já ọsàn.

Magdalene jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbé fún un pé kó bá òun tọ́jú. Ó ń ya ilé sínú iyanrìn. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Magdalene, Rufus kọ́."

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, sístà. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú. Mo rí síkẹ́ẹ̀tì yín."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n bi Rufus. Wọ́n bi àbúrò bàbá rẹ̀. Wọ́n bi ìyá mi tí kò sí níbẹ̀. Èmi, wọ́n ní kí n máa sinmi."

Ó fọwọ́ pa ilé tó yà rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó ní òun máa wá. Òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mo máa sọ.

Ọsàn mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ bó fún mi. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹnu mi kò mọ adùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti pinnu pé màá sọ fún Bàbá lónìí. Àwa méjì péré la wà nílé tí ìjọba fún un ní Ore, Màmá ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ látàárọ̀. Ó ti ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ dé, ó ń kọrin — Bàbá tí kì í kọrin. Ilé-ìwé ńlá tó wà ní Àkúrẹ́ ti gbà mí fún oṣù kìíní. Ìwé ẹ̀rí ìwà látọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà wa nìkan ló kù. Ó bu ẹran fún mi látinú àwo tirẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì pẹ̀lú ẹran náà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn awakọ̀ yá wa ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ọmọ láti ilé-ìwé mẹ́ta kún orí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ṣeré alùpùpù tí kò ní bíréékì, àwọn èrò ọkọ̀ Benin rẹ́rìn-ín títí. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan, bírò wà lápò rẹ̀. Magdalene wà níwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ dábùú itan rẹ̀.

Wọ́n pè mí. Mo ka ìlà méjì nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀. Ní ìlà kẹta, Ọ̀gá Máàpù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kún un: "Ẹ wo Rufus, tí ìwàǹwára rẹ̀ sọ ọmọ ọlọ́mọ di arọ."

Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Gbogbo nǹkan jìnnà sí mi, bí ìgbà tí orí èèyàn bá wà lábẹ́ omi. Mo ń rí ẹnu àwọn èrò tó ń mì, mi ò gbọ́ ohùn. Mo rí Magdalene. Ó ń wò mí, kò bẹ̀ mí, kò sì dojú kọ mí. Ó kàn ń dúró.

Mo ní, "Rufus kọ́ ló gùn ún. Èmi ni. Mo sáré torí pé ó dùn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀, torí náà èmi ń sọ fún yín. Ó dùn gan-an. Lẹ́yìn náà mo rí ọmọ yìí nílẹ̀, mo sì sá lọ."

Àwọn tó ń pèrò Èkó gan-an yíjú sí mi. Ìyá Magdalene bi ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan, ọmọ mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wá bá mi. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó wò mí títí.

"Oṣù mẹ́ta," ni ó wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi kórìíra ọmọ ọlọ́mọ."

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mo fojú wá Bàbá. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ajé, ọgbọ̀njọ́

Ọ̀gá àgbà ní kí n máa gbélé títí sáà yìí á fi parí. Kò ní kọ ìwé ẹ̀rí. Àkúrẹ́ ti lọ. Ọ̀gá Máàpù bẹ̀bẹ̀ fún mi, ó ní òun náà kọ orúkọ ọmọ kan sílẹ̀ láìwádìí. Ọ̀gá àgbà ò gbọ́.

Bàbá kò pariwo mọ́ mi láti Àbámẹ́ta. Ó kàn ń jẹun ní yàrá rẹ̀. Lónìí ó jáde, ó fi ìwé kan hàn mí tó lọ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà: Rufus lè padà sí ilé-ìwé. Ó ní, "O pẹ́ kí o tó sọ ọ́. Ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ gbé èyí fún un."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Ajue. Ọkọ̀ ìjàpá Bàbá rọra ń yọ́ lọ láàárín igbó, ewé ń fọwọ́ pa wíńdò.

A bá Rufus níbi tó ti ń fọ́ kòkó pẹ̀lú bàbá bàbá rẹ̀. Ó ti ga sí i. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá àgbà náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n yíjú sí ọmọ ọmọ wọn, wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi gbà á sọ́rùn ara rẹ̀. Ó ní òun lòun kọ́ mi, òun lòun sì gbé alùpùpù fún mi gùn.

Mo fún un ní ìwé náà. Ó kà á, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó tún un kà.

Ó ní, "Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń wo ọ̀nà. Mi ò retí pé kí o wá jẹ́wọ́. Mo kàn rò pé o máa wá kí mi. Nígbà tí oṣù kẹjọ parí, mi ò wo ọ̀nà mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ò tíì mọ̀.

Bàbá àgbà ní kó lọ di ẹrù rẹ̀. Àpótí kan àti àpò ìwé. Ó jókòó sẹ́yìn, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò wẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Rufus ti fi orí ti wíńdò, ó ti sùn lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ lórí orúnkún, egbò àdá wà lára wọn.

Nígbà tí a dé iwájú ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ore, mo nawọ́ láti jí i. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí n jẹ́ kó sùn.

A jókòó síbẹ̀.